Ọmọ Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Ọmọ Iná

Ẹ̀yin ọ̀gá jórinjórin, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin pánẹ́ẹ̀lì-bítà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta gáàsì lẹ́bàá títì, ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ẹ gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa iná yẹn ná. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó di rọ́bà gáàsì mú yẹn jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ náà sì kàn yín ju bó ṣe kan ìjọba lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹnìkejì mi lọ́jọ́ tí iná mú un. Ìbàdàn la wà, nínú ọgbà mẹkáníìkì kan, àwa méjèèjì ń kọ́ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin kan gbé àgbá ńlá wá, irú èyí tó ń gba 200 lítà. Ó ní ká bá òun gé orí rẹ̀ kúrò kí òun lè máa fi gbe omi òjò. Ọ̀gá wa dá àgbá náà dùbúlẹ̀, ó fi eegun ìka kan án lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí sí i. Ó ní, "Ó ti gbẹ." Obìnrin náà ní ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí òun ti da epo inú rẹ̀ kúrò. Ẹnìkejì mi gbé iná, ó ṣáná sí i, ó bẹ̀rẹ̀. Èmi ń fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn Peugeot kan, n kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Àyà mi ló kọ́kọ́ gba ìró náà kí etí mi tó gbọ́ ọ. Orí àgbá fò kọjá páànù. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ẹnìkejì mi wà lórí ìdúró, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ẹrù lọ́wọ́ èèyàn, iná sì ń jó lára rẹ̀ láti ìbàdí dé orí. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, aṣọ tó ń dán yẹn. Òwú ì bá jó, kó di eérú, kó já bọ́. Jẹ́sì kò jó bẹ́ẹ̀. Ó yọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Kálukú wá ṣe ohun tó mọ̀. Ìyá oníresì gbé abọ́ ògì tútù sáré wá. Ẹnì kan fọ́ ẹyin sí i lápá. Ẹnì kan ń pariwo pé ká má fi omi kàn án o, pé omi á jẹ́ kí ara rẹ̀ lé ròrò. Omi wà níbẹ̀ o. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èmi ni mo pọn wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà. A kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. A gbé e sórí ọ̀kadà, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo dì í mú níbi tí n kò mọ̀ bóyá ara ni tàbí aṣọ. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé ní ká máa lọ síwájú. Èkejì béèrè owó ìdógò. Ẹ̀kẹta ló gbà á. Mo dúró síta, mo ń gbọ́ igbe rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ha ògì àti ẹyin yẹn kúrò lára ẹran ara tó ti bó.

Kò kú. Ó lo oṣù méje lórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe fúrídọ́mù fún mi, ó wá. Ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, kò lè di ṣíbí mú. Ìyá rẹ̀ ló ń bu ìrẹsì ayẹyẹ mi sí i lẹ́nu.

Mo ti di olùkọ́ níṣẹ́ ọwọ́ báyìí, mo sì ti bi àwọn ọ̀gá púpọ̀ léèrè ohun tó fa irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní iṣẹ́ ayé ni. Wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Nínú ọgbà tiwa, obìnrin tó gbé àgbá wá ni wọ́n di ọ̀rọ̀ náà rù. Àwọn kan ní àjẹ́ ni. Ó tó ọdún kan tí obìnrin náà ń yí ọ̀nà, tí kò lè gba iwájú ọgbà wa kọjá, bẹ́ẹ̀ omi òjò nìkan ló fẹ́ gbè. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú àgbá tí a ní ó ti gbẹ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àgbá òfìfo ní í pariwo. Èmi ti gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti ń wá.

Epo bẹntiróò tí a fojú rí kọ́ ló ń jó. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló ń jó. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 ti Celsius kí afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ tó pọ̀ tó ohun tí iná lè mú. Ìdí nìyẹn tí àtùpà fi nílò òwú. Bẹntiróò kò dúró de ẹnikẹ́ni láti mú un gbóná. Títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 40 sísàlẹ̀ òdo, níbi tí omi ti di òkúta pátápátá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣì pọ̀ tó láti gbaná. Kò sí ọyẹ́ tó tutù tó bẹ́ẹ̀ láti Èkó dé Sókótó. Torí náà, wákàtí kan ò sí lójúmọ́ tí bẹntiróò ń sùn nílẹ̀ wa.

Afẹ́fẹ́ epo yìí kò lè jó lóun nìkan, ó ní láti bá afẹ́fẹ́ tí à ń mí pàdé. Tó bá pọ̀ jù, kò ní í jó. Tó bá kéré jù, kò ní í jó. Ibi tó ti léwu ni kó wà láàárín nǹkan bíi 1.4 sí 7.6 nínú 100. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Àgbá obìnrin yẹn gba 200 lítà. Tí a bá mú 1.4 nínú gbogbo 100, ó jẹ́ lítà méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀ lásán, 2.8 gan-an. Epo tó máa di 2.8 lítà afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan lọ. Ṣíbí kan! Ìyẹn lè fara pamọ́ sínú ìpẹtà, sí etí àgbá níbi tí wọ́n ti ká irin pọ̀, sínú ẹrẹ̀ tó sùn sísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ò ní kó má wà níbẹ̀. Tí iná gáàsì bá wá kan irin náà, ooru á lé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, àgbá tí a ní ó gbẹ á di ìbọn. Eegun ìka tí ọ̀gá mi fi kan án kò lè gbọ́ ṣíbí epo kan.

Ọ̀gá mi kì í ṣe ìkà. Ó ti ń gé àgbá fún ogún ọdún kí ọjọ́ náà tó dé, kò sì sí èyí tó bú rí. Ogún ọdún tí nǹkan kò ṣẹlẹ̀ ló kọ́ ọ ní ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń kà á báyìí, tí ẹ ń sọ nínú ọkàn yín pé "àwa ti ń ṣe é tipẹ́," ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Afẹ́fẹ́ bẹntiróò wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń gbà bí omi, á wọ́ gba abẹ́ mọ́tò, á wọ kòtò, á wọ ojú gọ́tà. Ọmọ iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tó ń fi bẹntiróò fọ kábúrétọ̀ nínú bẹ́sìnnì lè rò pé kò sí iná lọ́dọ̀ òun. Iná lè wà lábẹ́ agbada ìyá alákàrà lódìkejì ọgbà, tàbí lára jẹnẹrétọ̀ tó ń yí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Afẹ́fẹ́ epo á rìn lọ bá a níbẹ̀, iná á sì gba ọ̀nà kan náà padà wá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò bá.

Gáàsì ìdáná náà ń rìn nílẹ̀. Lítà kan rẹ̀ tó ṣì jẹ́ omi nínú sìlíńdà, tó bá jáde, á di nǹkan bí 270 lítà afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń yí gáàsì láti inú sìlíńdà ńlá sínú kékeré ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbẹ́ onísúyà, ẹ̀gbẹ́ oníṣẹ́ irin, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn dúró lọ́kàn yín. Òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tí ẹ ń gbọ́ kò sí lára gáàsì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọ́n fi sí i ni. Ní 1937, ní New London ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gáàsì tí kò ní òórùn kóra jọ sábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, ó gbaná, ó sì pa àwọn ọmọ àti olùkọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin wọn kàn án nípá pé kí gáàsì máa rùn. Ẹ̀mí ọmọ ni wọ́n fi ra òórùn yẹn fún wa. Tí ẹ bá gbọ́ ọ, tí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ parí iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ń fi ẹ̀mí yẹn ṣòfò lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kábáìdì àti omi ṣe gáàsì, tiyín le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bẹntiróò ń gbaná láàárín 1.4 sí 7.6. Gáàsì kábáìdì ń gbaná láti nǹkan bíi 2.5 títí kọjá 80 nínú 100. Tí ojú gééjì rẹ̀ bá sì ti kọjá 15 psi, ó lè bú fúnra rẹ̀ láìsí iná, láìsí afẹ́fẹ́ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá wo táńkì kábáìdì tí a fi páànù àti taya rọ́bà tò fúnra wa, tí kò ní gééjì rárá, tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún jókòó tì.

A kò sì lè ní a kò rí i. Ní oṣù kẹwàá 2020, gáàsì bú ní Bàrúwà, lágbègbè Ìpájà l'Ékòó. Ní oṣù kìíní 2021, l'Ábẹ́òkúta, ìbúgbàù gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù pa àwọn tó ń tún un ṣe, lẹ́nu iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà Ọ̀jẹ́kúnlé, nítòsí Ládípọ̀ l'Ékòó. Ìwọ̀nyí ló dé inú ìwé ìròyìn. Ti ẹnìkejì mi kò dé inú ìwé ìròyìn kankan. Ti ọmọ tí iná jẹnẹrétọ̀ jó lójú nígbà tó ń bu epo sí i láìpa á, kò débẹ̀. Nínú gbogbo ọgbà tí mo ti wọ̀, mi ò tíì dé èyí tí wọn kò ti ní orúkọ ẹnì kan láti dá fún mi.

Yorùbá ní ọmọ iná là ń rán síná. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ọ̀gá tó ní kí ọmọ fi ẹnu fa bẹntiróò láti inú táńkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́ dáadáa. Ẹni tó mọ iná, tó mọ ọ̀nà ẹ̀, tó mọ ibi tó ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, ni ọmọ iná. Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe ọmọ iná. Ọmọ olọ́mọ ni. Ìyá rẹ̀ mú un wá pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a jọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, a gbàdúrà, a ní yóò ṣe iṣẹ́ là. Nínú ọgbà, ta lọmọ iná bí kì í bá ṣe ọ̀gá? Bí iṣẹ́ kan bá léwu tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ súnmọ́ ọn, kí ó má rán ọmọ. Gbogbo wa là ń bọ Ògún lọ́dọọdún nínú ọgbà, kódà àwa tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí a máa ń dá owó sí i. Ajá ni wọ́n ń fún Ògún. Ògún ò béèrè ọmọ lọ́wọ́ wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ kọ àgbá epo. Ẹni tó bá gbé àgbá tàbí táńkì tí bẹntiróò ti wà nínú rẹ̀ rí wá, ẹ sọ fún un pé a kì í gbé iná sí i níbí. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹ̀bẹ̀ yí yín lọ́kàn padà, owó tó fẹ́ san kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan. Tó bá sì wá di dandan, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra níbi tí iná ò sí, ẹ ṣí gbogbo ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pọn omi sí i kún títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ibi tí ẹ fẹ́ jó, kí ẹnu rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí kí ooru lè ráyè jáde. Omi á gba àyè tí afẹ́fẹ́ epo ì bá jókòó sí. Kí ẹ fi kọ̀mpírésọ̀ fẹ́ ẹ kò tó. Kí ẹ sá a sóòrùn kò tó. Iṣẹ́ omi yìí gba ọ̀gá fúnra rẹ̀, kò sí nínú iṣẹ́ tí a ń pín fún ọmọ.

Ẹ yé fi bẹntiróò fọ irin. Omi ọṣẹ wà. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó bu epo sí i, bí oníbàárà tilẹ̀ ń pariwo. Ọṣẹ tí a pò mọ́ omi ni kí ẹ fi wá ibi tí gáàsì ti ń jò lára rọ́bà àti sìlíńdà. Mo ti rí ẹni tó fi ìṣáná wá a. Ẹ má fi òróró kankan kan ojú ọ́síjìn, ẹ má sì fi ọ́síjìn fẹ́ taya. Ẹ gba jẹ́sì lára ọmọ, ẹ wá aṣọ òwú nípọn fún un. Kí garawa iyanrìn wà nítòsí, kí páúdà panápaná wà lára ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, kó má jẹ́ pé inú ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń tì pa ló wà. Omi kì í pa iná bẹntiróò, ńṣe ló ń gbé e kiri.

Ṣùgbọ́n ara èèyàn, omi ni oògùn rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri. Tí iná bá mú ẹnì kan, kó má sáré. Kó dùbúlẹ̀, kó yí gbirigbiri, kí ẹ fi aṣọ òwú tàbí àpò bò ó títí iná fi kú. Lẹ́yìn náà, omi tútù tó ń ṣàn, fún odidi ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wo aago. Ogún ìṣẹ́jú gùn púpọ̀ nígbà tí èèyàn ń ké. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀ kí ara tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé e lọ. Kò sí ògì nínú rẹ̀, kò sí ẹyin, kò sí epo pupa, kò sí òróró ẹ́ńjìnì, kò sí ọṣẹ ìfọyín, kò sí yìnyín. Àwọn tó da ògì sára ẹnìkejì mi fẹ́ràn rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ti ń dà á. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tí mo pọn láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń wọ inú àlá mi.

Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ rántí pé òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2014, sọ ọ́ ní abala ogún rẹ̀ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹ dárúkọ òfin náà sókè ketekete. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà l'Ékòó ní ẹ̀ka tó wà fún ìjóná. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ọjọ́ ìṣòro tó dé.

Òfin mìíràn tún wà tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣe òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Àjọ NSITF ló wà nídìí rẹ̀. Náírà kan nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ ń san ni yóò fi sílẹ̀ fún un, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹni tó fara pa ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti sọ fún àjọ náà. Nígbà tí mo ka ibi tí òfin náà ti ṣàlàyé ẹni tí òṣìṣẹ́ jẹ́, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dúró lórí ẹni tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan. Àdéhùn ẹnu lásán wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀. Oṣù méje tí ẹnìkejì mi fi sùn, ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mi ò mọ ọgbà kan nígbà náà tó ti fi orúkọ sílẹ̀, bóyá ẹ ṣì lè ka èyí tó ti fi sílẹ̀ lónìí lórí ìka ọwọ́ kan. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ rán akọ̀wé yín lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó súnmọ́ yín jù, kó lọ béèrè bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lè wọlé. Ẹ máa ń dá owó aṣọ ẹbí. Ẹ máa ń dá owó òkú. Ẹ dá owó èyí náà.

Nítorí agbára wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìjọba lè má yọjú sí ọgbà fún ọdún márùn-ún, ẹgbẹ́ ń yọjú lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ ló ń sọ ẹni tó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ ló ń jókòó sórí àga gíga lọ́jọ́ fúrídọ́mù, tí yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé ṣé ó mọ iṣẹ́. Mo ń pe gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, láti Ìsẹ́yìn dé Àkúrẹ́, láti Ṣagámù dé Ìlọrin: ẹ má ṣe gba ọmọ kankan lómìnira mọ́ tí kò bá lè dúró níwájú yín kó sọ ìdí tí àgbá tó gbẹ fi ń bú, kó sì ṣe é lójú yín bí a ṣe ń pa iná lára èèyàn. Ọ̀gá tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti ń rán ọmọ láti gé àgbá epo, ẹ jẹ ẹ́ níyà bí ẹ ṣe ń jẹ ẹni tó gba oníbàárà ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn, ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé bẹntiróò sí àti ibi tí omi wà. Ọ̀gá tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù lé ọ̀gá pé mọ́tò gbọ́dọ̀ jáde lónìí, ọmọ ni kánjúkánjú yín ń gùn. Ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ àti alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọgbà wọ̀nyí lọ́dọọdún; ẹ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan sí ọgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n tún ṣí ibi tí wọ́n ti ń yí gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń jórin.

Ìwọ àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́, tó ka èyí lórí fóònù ẹlòmíràn: tí wọ́n bá ní kí o gé àgbá epo, sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pọn omi sí i." Dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá gbá ọ létí, ìgbátí máa ń tán lára.

Mo lọ bá ẹnìkejì mi nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti bímọ méjì. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ bá àwọn ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ ní ọgbà wa àtijọ́, mo sì tọrọ àyè láti sọ ìtàn rẹ̀ níbẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun kò fún mi láyè, pé òun máa wá sọ ọ́ fúnra òun, pé òun á wọ aṣọ alápá péńpé. Mọ́ńdé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé, aago mẹ́wàá àárọ̀. A ó gbé àgbá kan dání, a ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin.